Yíyan kọ́ ni sísun: ìtàn irin dúdú tó wà lábẹ́ súyà

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbé fídíò kan jáde nípa irin dúdú tí onísúyà àdúgbò wa ní Bódìjà fi ń sun ẹran. Mo ní, "Ṣé ẹ rí ìdọ̀tí tí wọ́n ń fún wa jẹ?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ pín in kiri. Ẹyin lohùn: ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ti fọ́. Òní ni mo fẹ́ ṣa àfọ́kù rẹ̀. 🧵

2/ Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àǹtí mi tó ń gbé ní Houston fi gíríìlì kan ránṣẹ́ sílé nínú kọ̀ntéńà. Kì í lo èédú, kì í lo gáàsì. Pellet ló ń jẹ: eruku pákó tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ títí ó fi le bí oúnjẹ ẹja. Irin lílọ́ kan ń yí, ó ń tì í díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò iná kékeré, fáànù ń fẹ́ ẹ, kọ̀ǹpútà kékeré kan sì ń ṣọ́ ìgbóná rẹ̀. Iná mànàmáná ló ń gbé gbogbo rẹ̀.

3/ Mo gbé ẹran sí i fún wákàtí méjì. Ó rọ̀, ó ń ta sánsán. Àmọ́ ẹ wo ojú rẹ̀: ó ṣá bí aṣọ tó pẹ́ lóòrùn. Àbúrò mi wò ó, ó ní, "Ṣé o bọ̀ ọ́ ni?" Ó dùn mí o.

4/ Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. A máa ń yan ẹja: a ó gbé e jìnnà sí iná, èéfín àti ooru á máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àmọ́ a máa ń sun iṣu, a máa ń sun àgbàdo: iná á kan ara rẹ̀, ojú rẹ̀ á jó díẹ̀. Àsun àwọn ará Oǹdó, inú "sun" ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Gíríìlì àǹtí mi mọ yíyan. Kò mọ sísun.

5/ Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, bí wọ́n ṣe bí i ni. Lẹ́yìn tí epo rọ̀bì gbówó lórí lágbàáyé ní 1973, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn tí wọ́n lè fi mú ilé móoru nígbà òtútù. Eruku pákó títẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n rí. Ní 1985, Joe Traeger ní Mount Angel, ìpínlẹ̀ Oregon, gbé irú iná yẹn sábẹ́ ẹran, ó sì gba pátẹ́ǹtì rẹ̀ ní 1986. Ọmọ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ni gíríìlì yìí.

6/ Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, irin pẹlẹbẹ kan bo iná náà, atẹ́gùn gbígbóná ló ń se ẹran. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá nǹkan bí 230 sí 260°C. Ẹ máa sọ pé ìyẹn ò kéré. Òótọ́ ni, àmọ́ atẹ́gùn kì í gbé ooru fún nǹkan bí irin ṣe ń gbé e. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ ẹnu ààrò búrẹ́dì, ẹ lè dúró díẹ̀. Páànù tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dán an wò o.

7/ Ní 1912, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis Camille Maillard, ṣàlàyé bí ṣúgà àti èròjà inú puròtéènì ṣe ń para pọ̀ nínú ooru, tí wọ́n ń di àwọ̀ pupa dúdú àti òórùn dídùn. Lójú ẹran, ó máa ń yá láti nǹkan bí 140°C. Omi kì í jẹ́ kí ojú ẹran kọjá 100°C, nítorí náà omi yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ. Irin gbígbóná ló ń yára gbẹ ẹ. Ohun tí wọ́n ń pè ní searing grate nìyẹn: irin wúwo tó ń kó ooru jọ, tó ń gbé e fún ẹran níbi tó bá ti kàn án.

8/ (Àwọn kan á ní ó ń ti omi mọ́ inú ẹran. Èrò Justus von Liebig ará Jámánì nìyẹn láti 1847. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adùn ló ń fún ẹran, kì í ti nǹkan kan mọ́nú.)

9/ Irin méjì bẹ́ẹ̀ wà nínú páálí. Wọ́n wúwo, wọ́n dúdú. Èmi rèé, ọmọ ìmọ́tótó: mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn irin bó wọn títí wọ́n fi ń tàn, mo rẹ wọ́n sómi mọ́jú. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti dógùn-ún, wọ́n pọ́n bí epo. Mo fi ẹran lé ọ̀kan, irin gbá ẹran mú bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Mo fà á, ó ya.

10/ Ibo ni mo máa lọ? Ọ̀dọ̀ Málàmù onísúyà náà ni. Látìgbà fídíò yẹn, mi ò tíì débẹ̀. Mo kí i, mo yọ irin náà jáde nínú ọ̀rá. Ó yí i wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Àǹtí, ta ló bọ́ aṣọ lára irin yìí?"

11/ Aṣọ ló pe dúdú yẹn. Kí n tó sọ ohun tó kọ́ mi, ẹ jẹ́ ká wo bí irin àti ẹran ṣe pàdé nílùú wa.

12/ Irin fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1904, òyìnbó kan, C. V. Bellamy, tẹ àkọsílẹ̀ jáde nípa ilé kan ní agbègbè Ọ̀yọ́ tí àwọn èèyàn wa ti ń fi èédú yọ́ irin láti inú òkúta. Àmọ́ ọkọ́, àdá àti ọ̀bẹ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ. Ní ìdí ààrò, inú ẹyin iná gan-an ni iṣu ń wọ̀. Ẹja àti ẹran ìgbẹ́ a máa wà lórí pẹpẹ igi, lókè èéfín.

13/ Súyà, àwọn Hausa ló ni ín. Ní ọ̀nà àtijọ́ wọn, ẹran tsire kì í kan irin rárá. Wọ́n á fi igi gún un, wọ́n á ri igi náà mọ́lẹ̀ yí iná ká, ẹran á máa dojú kọ iná bí àwọn èèyàn tó ń yáná. Ẹ ṣì lè rí i bẹ́ẹ̀ lókè Ọya.

14/ Báwo ló ṣe dé Ìbàdàn? Rélùwéè dé láti Èkó ní 1901. Nígbà tó fi máa di 1912, ó ti so wá mọ́ Kánò. Obì ń gòkè lọ, màlúù ń sọ̀ kalẹ̀. Ní 1916, wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa: Sábó nìyẹn. Onímọ̀ kan, Abner Cohen, ṣe ìwádìí láàárín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1969.

15/ Ohun kan nínú ìwé yẹn wọ̀ mí lára. Àwọn Hausa ló ń kó màlúù wá, àwọn alápatà Yorùbá ló ń rà á. Àwìn ni! Alápatà á mú màlúù lọ, á pa á, á tà á, kó tó padà wá sanwó. Baálé Hausa kan ní Sábó á dúró láàárín bí onígbọ̀wọ́. Ẹ rò ó wò: ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ Ìbàdàn dúró lórí pé ẹnì kan gba ẹnì kejì gbọ́.

16/ Ààrò Málàmù ńkọ́? Dúrọ́ọ̀mù ni. Òun náà ní ìtàn. Nellie Bly, akọ̀ròyìn obìnrin tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, ló ń darí ilé iṣẹ́ irin tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ rẹ̀, Henry Wehrhahn, gba pátẹ́ǹtì dúrọ́ọ̀mù irin ní 1905. Ogun Àgbáyé Kejì gbé irú rẹ̀ ká ayé, oní-lítà 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ní Trinidad, wọ́n sọ ọ́ di ìlù. Níbí, a fi ń pọn omi pa mọ́. Bó bá sì gbó, a là á sí méjì ní gígùn, a gbé e lé ẹsẹ̀ irin, a da èédú sí i.

17/ Lórí rẹ̀ ni wáyà gọ́ọ̀sì wà, tàbí irin róòdù ilé kíkọ́ tí wẹ́dà jó pọ̀. Ibẹ̀ ni ẹran Sábó, dúrọ́ọ̀mù òyìnbó àti ọwọ́ wẹ́dà Ìbàdàn ti pàdé. Irin tí mo fi ṣẹ̀sín nìyẹn.

18/ Bódìjà wá jẹ́ ibi tó bá a mu. Yunifásítì ti wà nítòsí láti 1948. Àjọ ilé kíkọ́ Ìwọ̀ Oòrùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, kọ́ ẹ́sítéètì rẹ̀ àkọ́kọ́ síbí. Ní 1987, ọjà oúnjẹ Oríta Mẹ́rin ṣí wá sí Bódìjà. Ọjà màlúù, odò ẹran àti ọjà pákó náà wà. Ní 2018, ìjọba ní kí àwọn alápatà kó lọ sí Amósùn ní Akínyẹlé. Ó di ìjà, ẹ̀mí lọ sí i. Síbẹ̀, iná súyà ò kúrò létí títì.

19/ Ẹ wo nǹkan tó pa mí lẹ́rìn-ín: eruku pákó tí àǹtí mi fi dọ́là rà, òkìtì rẹ̀ wà lọ́jà pákó Bódìjà. Àwọn ìyá wa ti ki eruku yẹn mọ́ inú agolo, wọ́n fi ìgò dá ihò sí àárín rẹ̀, wọ́n sì fi dáná kí wọ́n tó bí wa.

20/ Ó yá, ẹ̀kọ́ Málàmù. Èkíní: iná ṣáájú ẹran. Èédú á ràn, irin á wà lórí rẹ̀ lófìfo títí èéfín ọ̀rá àná á fi tán. Bí omi tí ẹ ta sí i bá ń sáré kiri, tó gbẹ lójú ẹsẹ̀, ó ti tó. Ìgbà yẹn ni ó máa fi irin pẹlẹbẹ ha á. "Irin tútù kì í gbọ́ràn," ó ní.

21/ Èkejì: àlùbọ́sà. Ó gé ẹyọ kan sí méjì, ó fi igi gún ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ojú rẹ̀ pa irin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Omi àlùbọ́sà á hó, á tú ìdọ̀tí tó kù. Ẹ̀kẹta: òróró ẹ̀pà lára àkísà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá pọ̀ jù, á di gọ́ọ̀mù. Òróró fẹ́lẹ́ tó bá gbóná lórí irin á yí padà, á le, á mọ́ irin lára bí ọ̀dà. Aṣọ tí mo bọ́ nìyẹn! Kì í jẹ́ kí ẹran lẹ̀, kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Lálẹ́, ó tún máa ń ha á, ó máa ń pa òróró sí i, ó sì máa ń bò ó nítorí ìrì.

22/ Ṣé gbogbo dúdú ló wá jẹ́ aṣọ? Rárá o, ẹ má fi mí purọ́. Nígbà tí irin bá tutù, ẹ fi bébà funfun nù ún. Bó bá bọ́ sí bébà bí èédú tàbí bí gírísì, ìdọ̀tí ni, ẹ máa lọ sílé. Bó bá dúdú tó ń dán, tí kò bọ́, aṣọ ni. Mo nu ti Málàmù. Bébà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun bó ṣe wà. Ìṣẹ́jú kan ni ìdánwò yẹn gbà mí. Mi ò ṣe é kí n tó gbé fídíò sáyé.

23/ Ìkìlọ̀ díẹ̀. Síńkì ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ wáyà tó ń dán yinrin. Bó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ lè fa ibà fún ẹni tó fà á símú. Búrọ́ọ̀ṣì oní-wáyà náà, ẹ ṣọ́ra: ní 2012, àjọ CDC Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn tó gbé irun rẹ̀ mì mọ́ ẹran, tó di pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan. Bí searing grate yín bá sì jẹ́ alumíníọ̀mù, kò ní dógùn-ún, àmọ́ ẹ máa ha àárín ilà rẹ̀.

24/ Mo gbé irin mi padà sílé. Mo ha pupa rẹ̀ kúrò, mo gbẹ ẹ, mo pa òróró sí i, mo mú un gbóná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé, mo yan ẹran ní 110°C títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Mo yọ ọ́, mo gbé ìgbóná dé òpin, mo fi irin sílẹ̀ lófìfo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo gbé ẹyọ àkọ́kọ́ lé e, ó dún ṣààà! Inú mi dùn. Ni wọ́n bá mú iná lọ. Fáànù dákẹ́.

25/ Mo gbé abọ́ ẹran, mo sọdá títì. Málàmù ò bèèrè nǹkan kan. Ó sún igi súyà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n kó o sórí irin. Ìṣẹ́jú méjì lójú kan, méjì lójú kejì. Kò lẹ̀ rárá.

26/ Ibẹ̀ ni mo ti bi í pé, "Ẹ ò bínú sí mi?" Ó ní fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ọmọ yunifásítì ò wá mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá a fẹ́ná ti lọ sí Èkó, torí owó tó ń wọlé ò tó èèyàn méjì pín. Ó wá ní, "Àǹtí, o ya fídíò irin. O ò bi mí."

27/ Mo ti pa fídíò yẹn rẹ́, àmọ́ ó ṣì wà lórí fóònù àwọn kan, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Abèèrè kì í ṣìnà. Mi ò béèrè, mo sì mú èèyàn púpọ̀ ṣìnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín èyí bí ẹ ṣe pín ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń kọjá lálẹ́ tí ẹ rí èéfín, ẹ yà síbẹ̀, ẹ kí Málàmù, ẹ bi í léèrè irin rẹ̀. Ẹ mú bébà funfun dání bí ẹ bá fẹ́. Kò ní bínú.