Ẹ̀tọ́ Ìrìn àti Ìgbé ní Ilẹ̀ Yúróòpù

Ẹ̀tọ́ ìrìn àti ìgbé ni àṣẹ tó wà lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti kó lọ sí òmíràn nínú Àjọ náà, kó ṣiṣẹ́, kó kàwé tàbí kó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àdéhùn Rome ti 1957 ló kọ́kọ́ là á sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Àdéhùn Maastricht, tó fìdí múlẹ̀ ní 1993, nà án dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ Àjọ náà. Òfin 2004/38 sì kó ìlànà rẹ̀ jọ sójú kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oore ni ìlú tí wọ́n kó lọ ṣe fún wọn. Àṣìrò ni. Láti 1976, nínú ẹjọ́ Royer, ni Ilé Ẹjọ́ Àjọ náà ti sọ pé inú àdéhùn gan-an ni ẹ̀tọ́ yìí ti wá. Ìwé ìgbélùú kàn ń jẹ́rìí sí i ni.

Ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ ti tó fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹni náà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ oṣù tàbí iṣẹ́ ara rẹ̀; bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó ń fi owó ọwọ́ rẹ̀ jẹun, ó gbọ́dọ̀ ní owó tí yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀ àti adójútòfò ìlera. Bó bá gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún láìjá, ó ní ẹ̀tọ́ ìgbé títí lọ. Ọkọ tàbí aya rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 21, àti òbí tí òun ń gbọ́ bùkátà wọn lè bá a lọ, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Nítorí náà, ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ ará Potogí, tí wọ́n jọ ń gbé ní Jámánì, òfin Yúróòpù ló fẹ̀yìn tì. Ìjọba Ireland ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gbé orílẹ̀-èdè mìíràn nínú Àjọ náà lọ́nà òfin. Ní 2008, nínú ẹjọ́ Metock, Ilé Ẹjọ́ fagi lé e.

Ìrìn gan-an ló ń ta ẹ̀tọ́ yìí jí. Ará Jámánì tí kò kúrò ní Berlin rí, òfin Jámánì ni ìyàwó rẹ̀ tó wá láti òkè òkun yóò tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kí onílé má relé: ní 1992, nínú ẹjọ́ Surinder Singh, Ilé Ẹjọ́ sọ pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti bá ọkọ rẹ̀ ará Íńdíà ṣiṣẹ́ ní Jámánì lè mú un padà sílé lábẹ́ òfin Yúróòpù.

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀tọ́ yìí ń fa àwọn tó fẹ́ jẹ lára ìlú láìṣiṣẹ́, àti àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó orí ìwé. Òfin ti dáhùn. Ó fún ìjọba láyè láti kọ ìgbéyàwó ẹ̀tàn. Ní 2014, nínú ẹjọ́ Dano, Ilé Ẹjọ́ sì gbà pé Jámánì lè má fún ẹni tí kò lówó, tí kò sì wáṣẹ́, ní owó ìrànwọ́. Ẹlòmíràn yóò bi pé, ẹ̀tọ́ wo ló tún ní májẹ̀mú bẹ́ẹ̀? Májẹ̀mú náà ti wà lákọsílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò láṣẹ láti fi tirẹ̀ kún un, ẹni tí wọ́n bá sì kọ̀ fún lè pe ẹjọ́.

Orí jíjẹ́ ọmọ Àjọ náà ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní 2020. Nígbà tí ọdún yẹn parí, ẹ̀tọ́ ìrìn àwọn ọmọ rẹ̀ bá a lọ; àwọn tó ti fìdí kalẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan nínú Àjọ náà ṣáájú kàn lè máa gbé ibẹ̀ lọ ni. Ẹni tó bá ní in lónìí, kó mọ òfin rẹ̀, kó sì tọ́jú ẹ̀rí iṣẹ́, owó àti ibùgbé rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.