Mọ́sálásí Ńlá Ìlú Xi'an àti Ọ̀rọ̀ Tí Ó Wà Lára Òkúta

Àlejò tí ó bá ń wá Mọ́sálásí Ńlá ìlú Xi'an, ní ìpínlẹ̀ Shaanxi ní ilẹ̀ Ṣáínà, kò ní rí ilé gíga ṣónṣó kankan tí yóò tọ́ka rẹ̀ fún un lókèèrè. Àdúgbò àwọn Hui ni ó wà, àwọn Mùsùlùmí tí èdè Ṣáínà jẹ́ èdè abínibí wọn. Ọ̀nà tóóró tí àwọn ọlọ́jà pàtẹ sí ni a ń gbà dé ẹnu odi rẹ̀.

Bí ènìyàn bá wọlé, àgbàlá ni yóò máa bá tẹ̀lé àgbàlá, pẹ̀lú òrùlé tí etí rẹ̀ ká sókè bí ti ààfin. Ilé onígun mẹ́jọ alájà mẹ́ta kan, Xingxin Lou, èyí tí a lè túmọ̀ sí Ilé Àyẹ̀wò Ọkàn, ni ó dúró fún ilé ìpèrun. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè rò pé ojúbọ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni òun wọ̀. Ṣùgbọ́n ojúbọ ilẹ̀ Ṣáínà a máa kọjú sí gúúsù. Ti ibí yìí na tààrà láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, síhà Mẹ́kà. Nínú gbọ̀ngàn ìrun, ara pákó ni wọ́n gbẹ́ Kùránì sí. Ẹni tí ó bá ti rí Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó, tí a ṣí ní ọdún 1894, tí João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, sì kọ́, kò ní ya ẹnu sí irú èyí.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ni àríyànjiyàn wà lé. Wọ́n ń sọ fún àlejò pé ọdún 742, ní ayé ìjọba Tang, ni a dá a sílẹ̀, òkúta alákọsílẹ̀ kan ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rí. Ìmọ̀ èdè ni ó tú àṣírí òkúta yìí. Dashi ni àwọn òǹkọ̀wé ayé Tang ń pe ilẹ̀ Lárúbáwá. Òkúta náà pè é ní Tianfang, orúkọ tí kò wọ inú ìwé àfi ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Bí ó ṣe kọ orúkọ Ànábì Muhammad pàápàá kì í ṣe ti ayé Tang. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé ayé ìjọba Ming (1368–1644) ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ayé Ming kan náà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé tí a ń rí lónìí ti wá, láti ìgbà àtúnkọ́ ọdún 1392.

Kì í ṣe pé Mùsùlùmí kò tíì dé ibẹ̀ ní ayé Tang o. Àkọsílẹ̀ ìjọba náà fúnra rẹ̀ sọ pé ikọ̀ Lárúbáwá dé ààfin ní ọdún 651. Kí ni ó wá dé tí wọ́n fi ní láti ti ọjọ́ orí òkúta sẹ́yìn? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Ming, ọba fi òfin de aṣọ, èdè àti orúkọ àjèjì. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn rí i pé ó yẹ kí àwọn fi hàn pé àwọn kì í ṣe àtọ̀húnrìnwá. A kò lè pe irú èyí ní irọ́ lásán. Ìbẹ̀rù náà jẹ́ òótọ́.

Èdè Ṣáínà gbilẹ̀ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ju lẹ́tà Lárúbáwá nù. Òun ni wọ́n fi ń kọ èdè Ṣáínà sílẹ̀ nínú ọgbọ́n ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní xiaojing, gẹ́gẹ́ bí àwọn Haúsá, àwọn Fúlàní àti àwọn àfáà ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ajami kọ èdè tiwọn.