Ìfẹ́ Wa sí Agbábọ́ọ̀lù Tí Kò Ṣeé Gbọ́kàn Lé

Ẹ wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ní Àkúrẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ẹ bi àwọn ọkùnrin tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pé ta ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ìdáhùn kò ní pẹ́ dé. Wọn yóò ní Rashidi Yekini ni, lọ́dún 1994, nígbà tí a na Bulgaria. Kò ní sí awuyewuye kankan. Ṣùgbọ́n ẹ tún bi wọ́n pé eré ta ni ó dùn ún wò jù lọ. Níbẹ̀ ni ilé yóò ti dàrú. Orúkọ Okocha ni yóò ròkè jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé góòlù 14 péré ni ó gbá wọlé fún orílẹ̀-èdè wa, tí Yekini sì gbá 37. Ẹni tí ó ń pariwo orúkọ rẹ̀ jù náà ni yóò tún máa ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀: bọ́ọ̀lù tí ó dì mọ́ ẹsẹ̀ pẹ́ jù, pẹ̀nárítì tí ó gbá sọnù, ọjọ́ tí a wá a lórí pápá tí a kò rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, n kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá, nítorí náà ojú tí mo ní ni mo fi ń wò ó. Àwọn kan máa ń sọ pé àìmọ̀kan ni ó ń mú kí ará ìlú fẹ́ràn oníàrà ju òṣìṣẹ́ lọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé etí ni a kọ́kọ́ fi wo bọ́ọ̀lù nílẹ̀ yìí, àti pé ọ̀nà tí a ń gbà ki ènìyàn náà ni a ń gbà rántí agbábọ́ọ̀lù.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, ọmọ kékeré ni mo jẹ́ ní ìlú Oǹdó. Ọjọ́ náà ni Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 ní Pápá Ìṣeré tí ó wà ní Sùúrùlérè, tí a sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Múdà Lawal gbá ọ̀kan. N kò fi ojú rí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí rédíò ni a ti gbọ́ ọ, níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní àdúgbò wa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́, púpọ̀ nínú àwọn àgbà tí wọ́n péjọ kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà bàbá aránṣọ ni ó ń túmọ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ìdajì ohun tí bàbá náà túmọ̀ fún wa kò sí lẹ́nu ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò rárá. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan Ọdẹ́gbàmí, bàbá yóò fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, yóò ní, "Ó ti mú un o, ó ń dà á lọ bí ẹní da ewúrẹ́, ẹ wò ó, ó ti fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn!" Àwa náà yóò sì wò ó. A rí i kedere.

Ní ayé ìgbà náà, Ernest Okonkwo ti Radio Nigeria ni ọ̀gá àwọn tí ń ròyìn bọ́ọ̀lù. Òun ni ó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní orúkọ àlàjẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ títí dòní. Ọdẹ́gbàmí di Mathematical. Christian Chukwu tí ó jẹ́ balógun ikọ̀ di Chairman. Adokiye Amiesimaka tí ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin di Chief Justice. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Àìmọye ènìyàn ni kò rí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí rí, síbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ wọ́n nípa orúkọ àti ìtàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe mọ àwọn baba ńlá wa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ yín máa ń kọ ọ́ sínú ìdánwò pé oríkì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn. Ìdajì máàkì ni mo máa ń fún yín níbẹ̀. Oríkì ju ìyìn lọ. Oríkì kì í ka iye ọjọ́ tí ènìyàn fi lọ sóko. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó pa ẹfọ̀n ni ó ń rántí. Oríkì kì í sì í fi àbùkù pamọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jókòó ti ìyá àgbà nínú ìdílé yín mọ̀ pé wọ́n á ki baba ńlá yín pé ó láyà, wọ́n á tún fi kún un pé ó jẹ gbèsè, pé ẹmu kì í kọjá rẹ̀, pé ó ń jà láìnídìí. Inú ọmọ kì í bàjẹ́ bí ó bá gbọ́ ọ. Orí rẹ̀ á tún wú sí i ni, nítorí àléébù náà wà lára ohun tí a fi ń dá bàbá rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí bàbá ẹlòmíràn. Irú ojú yìí ni olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù fi ń wo oníàrà. Ó mọ àṣìṣe rẹ̀ lórí, ó sì ń kà á mọ́ ìyìn rẹ̀.

Kí Okocha tó dé ni irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ Stationery Stores ní Èkó ní Haruna Ilerika, ẹni tí ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tí ó gba ipò kẹta ní Ethiopia lọ́dún 1976. Ó kú lọ́dún 2008. Bí àgbàlagbà Èkó kan bá ń sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, kò ní dárúkọ iye góòlù kankan. Bí ó ṣe ń fi bọ́ọ̀lù tan adènà ni yóò máa fi ọwọ́ ṣàpèjúwe. Àwọn ará Brazil náà ní tiwọn. Pelé ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n Garrincha, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, tí ìgbésí ayé rẹ̀ sì wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n pè ní ayọ̀ àwọn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ Okocha, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993, nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Eintracht Frankfurt ní Jámánì, wọ́n pàdé Karlsruhe. Bọ́ọ̀lù kàn án níwájú ilé, Oliver Kahn ni ó ń ṣọ́ ilé náà. Agbábọ́ọ̀lù mìíràn ì bá ti gbá a lójú ẹsẹ̀. Okocha yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó tún dá a padà. Kahn fi ara lélẹ̀, ó dìde, ó tún fi ara lélẹ̀. Àwọn adènà ń sáré kọjá bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ìgbà tí ó wù ú ni ó tó gbá a wọlé. Àwọn òǹwòran tẹlifíṣàn ní Jámánì dìbò yàn án ní góòlù ọdún náà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn adènà náà fi ẹsẹ̀ kàn án ni, ohun kan náà ni à bá máa pè ní ìwà àgídí. Àrà yẹn àti àṣìṣe yẹn, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti jáde.

A sì rí ojú kejì rẹ̀ lọ́dún 1996. Ní ìdíje Olympics ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ ti ṣú gan-an lọ́dọ̀ wa nígbà tí Nàìjíríà ń bá Brazil wọ̀yá ìjà láti dé ìpele àṣekágbá. Brazil ti gbá mẹ́ta, àwa gbá ọ̀kan. Rẹfirí fún wa ní pẹ̀nárítì, Okocha gbá a, Dida mú un. Àkúrẹ́ ni mo wà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Aládùúgbò mi kan dìde níwájú tẹlifíṣàn, ó ní òun ń lọ sùn, ó sì ń bú Okocha títí ó fi ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ikpeba gbá ọ̀kan sí i, Kanu dá a padà sí 3-3 nígbà tí eré ń lọ sópin, òun náà ni ó sì gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tí ó parí ọ̀rọ̀. A lọ na Argentina ní 3-2, a gba góòlù tí ó jẹ́ wúrà gidi. Láàárín oṣù kan, aládùúgbò mi ti ra kàlẹ́ńdà àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, ojú Okocha ni ó sì yí síta lára ògiri. Mo rán an létí pẹ̀nárítì. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ n gbádùn nǹkan tèmi."

Ẹ̀rí kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa fi han àwọn tí wọ́n bá ní àbá lásán ni mò ń dá. Lọ́dún 2003 àti 2004, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù dìbò fún BBC láti yan agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tí ó dára jù. Okocha ni wọ́n yàn ní ìgbà méjèèjì. Ní ọdún méjèèjì kan náà, Samuel Eto'o ti Cameroon ni àjọ CAF fún ní àmì-ẹ̀yẹ tiwọn, èyí tí Okocha kò gbà rí títí ó fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Apá kan ń wo èsì, apá kejì ń wo ohun tí ojú kò ní gbàgbé. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣìnà. Kí ẹ má sì rò pé àrà lásán ni ti Okocha o. Ní oṣù Kẹrin 2003, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ Bolton fẹ́rẹ̀ẹ́ já sílẹ̀ nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun nìkan ni ó gbé bọ́ọ̀lù la àwọn West Ham kọjá tí ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí a rí lọ́jọ́ náà. Bolton dúró, West Ham já.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yìí ní gbèsè tí ó ń jẹ, ibẹ̀ ni ó sì ti ń dùn mí. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì kan pé ta ni Múdà Lawal. Ẹnì kan ní pápá ìṣeré ni, ní Abẹ́òkúta. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ; pápá kan wà ní Aṣẹ́rò tí ó ń jẹ́ orúkọ náà. A mọ orúkọ pápá, a kò mọ ọkùnrin. Mẹkáníìkì ni kí bọ́ọ̀lù tó mú un. Ó wà nínú ikọ̀ IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1976, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nínú ìdíje ife Áfíríkà márùn-ún léra wọn, láti 1976 títí dé 1984. Àárín pápá ni ó ń dúró sí, ó ń gba bọ́ọ̀lù, ó ń fi fún ẹni tí ó yẹ. Bàbá aránṣọ wa kì í fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ó ń ṣe dáadáa lójoojúmọ́ kò ní ọjọ́ kan tí a lè fi kì í. Ó kú lọ́dún 1991.

Àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà kò yàtọ̀ ní ti ẹgbẹ́ wa. Lọ́dún 2012, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ dé ìpele kejì sí àṣekágbá nínú ìdíje àwọn akọni ẹgbẹ́ Áfíríkà. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gba Al Ahly ti Íjíbítì lálejò ní oṣù Kẹwàá, àwọn olólùfẹ́ sì gba Oǹdó àti Orè kọjá lọ síbẹ̀. Wọ́n gbá 3-3. Ní Cairo, Al Ahly borí ní 1-0, ọ̀nà sì parí. Títí dòní, ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ nípa ọdún náà, 3-3 ni yóò sọ fún yín. Ẹ tún bi í pé ipò kélòó ni ẹgbẹ́ náà wà nínú líìgì ilé lọ́dún yẹn. Yóò wo ojú yín bí ẹni tí ẹ bi ní ọjọ́ ìbí ìyá ọkọ rẹ̀.

Èmi náà ti fi orí ara mi kó o. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, wọ́n fi mí ṣe alábòójútó ikọ̀ bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ń kọ́ni ní Oǹdó. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ó kọ́ bọ́ọ̀lù láti ibi mónkí pọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí oògùn. Òmíràn wà tí kì í pẹ́ dé ibi ìgbaradì, tí kì í kúrò ní ipò tí a bá fi í sí, tí kò sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni pariwo lé lórí rí. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa àkọ́kọ́, oníàrà gbé bọ́ọ̀lù kọjá ènìyàn mẹ́rin, ó kọjá aṣọ́lé, ó dé ẹnu ilà, ó wá dúró, ó ń wo ẹ̀yìn bóyá àwọn òǹwòran rí òun. Adènà kan sáré dé, ó gbá a jáde. Wọ́n fi 1-0 na wá. Nígbà tí ó di ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, mo fi oníàrà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ kejì ni ó ti bọ́ọ̀lù wọlé láti ìtòsí, a borí ní 1-0, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi orin bú mi títí mo fi dé ọ́fíìsì.

Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà kí n tó tún bá wọn pàdé, níbi ìgbéyàwó ọ̀kan nínú wọn ní Àkúrẹ́. Wọ́n ti di géńdé, wọ́n kó ara wọn jọ sí tábìlì kan, ẹ̀rín ń sọ. Ìtàn bọ́ọ̀lù tí ó dúró lẹ́nu ilà ni wọ́n ń sọ. Ènìyàn mẹ́rin ti di méje. Oníàrà fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ sí òkè òkun. Ẹni tí ó ń sọ ìtàn náà dìde lórí ìjókòó, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi bàtà ìgbéyàwó ṣàfihàn bí ó ṣe yí i sọ́tùn-ún tí ó yí i sósì. Mo wò ó dáadáa. Ọmọ kejì yẹn ni. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo bi í pé góòlù tirẹ̀ ńkọ́, èyí tí a fi borí.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Góòlù wo nìyẹn, sà?"