Orúkọ ibi ní etí omi Sydney: ohun tí àlejò ń rí àti ohun tí kò gbọ́

Àlejò tó bá dé Sydney, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, kì í pẹ́ kó tó dé Circular Quay, ibùdókọ̀ ojú omi tó wà láàárín ìlú. Láti ibẹ̀ ni yóò ti rí Sydney Opera House lápá kan àti Harbour Bridge lápá kejì. Ibẹ̀ náà ni yóò ti wọ ọkọ̀ lọ sí Manly. Ẹwà àwọn ibi wọ̀nyí ni ìwé atọ́nà máa ń sọ. Orúkọ wọn ni àwa fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Èrò wa ni pé bí a bá fi orúkọ ènìyàn pe ibì kan, a lè bọlá fún ẹni náà láì dá orúkọ ibẹ̀ padà.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1788 ni Arthur Phillip kó ẹlẹ́wọ̀n àti ọmọ ogun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ Lord Sydney, mínísítà kan ní London, ni ó fi sọ ibẹ̀. Àwọn onílẹ̀, tí a mọ̀ sí Eora, ti ń pe ibẹ̀ ní Warrane. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Phillip kò wo ilé tó bá níbẹ̀.

Ti Manly yàtọ̀ díẹ̀. Ìgboyà àwọn ọkùnrin tí Phillip rí ní etíkun náà ló wú u lórí tó fi fún ibẹ̀ ní orúkọ tó túmọ̀ sí ‘bí ọkùnrin’. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 1789, etíkun yìí kan náà ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti fi ipá mú Bennelong àti Colebee, nítorí pé ó ń wá ẹni tí yóò máa ṣe ògbufọ̀ fún un.

Bennelong sá lọ. Nígbà tó tún wá fúnra rẹ̀, Phillip kọ́ ilé bíríkì kékeré kan fún un lórí ṣóńṣó ilẹ̀ tí àwọn Eora ń pè ní Tubowgule. Láti ìgbà náà ni orúkọ Bennelong ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀: Bennelong Point. Orí rẹ̀ ni Opera House wà, èyí tí Jørn Utzon, ará Denmark, ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní 1973. UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2007. Bákan náà, ọgbà ìgbafẹ́ etí omi tí wọ́n ṣí ní 2015 ń jẹ́ orúkọ Barangaroo, aya Bennelong. Iyì ni fún tọkọtaya náà, ṣùgbọ́n àlejò mélòó ló ti gbọ́ Tubowgule rí?

Nísàlẹ̀ Harbour Bridge, afárá tí wọ́n ṣí ní 1932, Dawes Point wà níhà gúúsù. Níbẹ̀ ni William Dawes, ọmọ ogun tó mọ̀ nípa ìràwọ̀, kọ́ ilé ìwòràwọ̀ rẹ̀ sí. Ní 1790 àti 1791, ó kọ́ èdè ibẹ̀ lẹ́nu àwọn onílẹ̀, pàápàá ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Patyegarang. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní SOAS ní London. Nínú rẹ̀ a rí putuwá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tó túmọ̀ sí kí ènìyàn yá ọwọ́ níná, kó sì rọra fún ìka ẹlòmíràn. A tún rí gunin, ìdáhùn nígbà tí Dawes béèrè ohun tó ń ba àwọn Kamarigal lẹ́rù: ‘nítorí ìbọn’. Gun jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. -In jẹ́ àfòmọ́ ìparí tó ń fi ìdí ọ̀ràn hàn. Kò tíì pé ọdún mẹ́rin tí Òyìnbó dé, ìbọn ti wọ inú gírámà wọn.

Láti 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ New South Wales gbà kí ibì kan ní orúkọ méjì lábẹ́ òfin. Dawes Point ń jẹ́ Tar-ra pẹ̀lú báyìí. Èyí ni a lè pè ní ìdápadà, nítorí orúkọ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni.

Ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tí àwọn Gun ń pè ní Hogbonu, mọ̀ pé orúkọ púpọ̀ kò pa ìlú lára. Ní Sydney, ìwọ̀nba ohun tí àwọn díẹ̀ gbọ́ tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ ló jẹ́ kí orúkọ kankan wà láti dá padà. Iṣẹ́ tiwa náà nìyẹn: kí a gbọ́, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà.