Asọ̀rọ̀gbèsì: Ìtàn Rédà Lórí Ilẹ̀ Ọ̀ṣun àti Ìjẹ̀ṣà

Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn bàbá wa kò dúró de òyìnbó kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, òun náà sì gba orúkọ: amóhùnmáwòrán. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá rédíò kan wà tí kò rí orúkọ gbà lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ó ti fò kọjá lórí Òṣogbo àti Iléṣà láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Rédà ni mo ń wí.

Ìwà rédà yàtọ̀ sí ti rédíò. Rédà a máa sọ̀rọ̀, a sì dákẹ́ kí ó lè gbọ́ èsì. Áńtẹ́nà rẹ̀ a ju ìgbì jáde. Ìgbì náà a kan igi, òkè tàbí òrùlé páànù, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì padà wá. Bí èsì bá yá, nǹkan náà wà nítòsí. Bí ó bá pẹ́, ó jìnnà. Ohun tí òòbẹ̀ ń fi ohùn rẹ̀ ṣe lóru nìyẹn. Ará Jámánì kan, Christian Hülsmeyer, ni ó fi irú ẹ̀rọ yìí han àwọn ènìyàn ní ọdún 1904, kí ọkọ̀ ojú omi má baà kọlu ara wọn nínú kùrukùru. Orúkọ náà, radar, jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní ọdún 1940. Bí ẹ bá gbà mí láyè, asọ̀rọ̀gbèsì ni èmi yóò pè é. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí pé "má" nìkan ni mo yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà.

Igbó ni ó gbé rédà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó igbó fẹ́ mọ ohun tí ó kù nínú igbó Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìkúùkù kì í jẹ́ kí kámẹ́rà inú ọkọ̀ òfurufú rí ilẹ̀ gúúsù dáadáa. Irú ìṣòro yìí ti bá àwọn ẹlòmíràn: rédà ni wọ́n fi ya Darién ní Panama ní ọdún 1967, òun náà ni Brazil fi bẹ̀rẹ̀ sí ya Amazon ní ọdún 1971. Ìgbì rédà kò ka ìkúùkù sí, kò sì bèèrè oòrùn. Iṣẹ́ tiwa, tí wọ́n pè ní NIRAD, wáyé láàárín ọdún 1976 sí 1978. Ilé-iṣẹ́ Motorola ti Amẹ́ríkà ya àwòrán láti òkè, Hunting Technical Services ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì túmọ̀ rẹ̀ sí àwòrán ilẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:250,000. Kò tíì sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà náà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo àti Iléṣà wà títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1972, ni ilé-ẹ̀kọ́ RECTAS ti wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà bí a ṣe ń ka àwòrán tí a yà láti òkè.

Kí ni rédà náà rí níhìn-ín? Lórí àwòrán yẹn, mìlímítà kan dúró fún 250 mítà lórí ilẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo, tí ìjọba ti sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, tí UNESCO sì kà mọ́ ohun ìní aráyé ní ọdún 2005, tó hẹ́kítà 75. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, kò tó mìlímítà mẹ́rin níbùú-lóòró: kò tó hóró ẹ̀wà kan! Èyí tí ó tún wá ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kòkó Ìjẹ̀ṣà. Ìgbì rédà ìgbà náà kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, orí ewé ni ó ti ń padà. Lójú irú ìgbì bẹ́ẹ̀, oko kòkó tí igi ńlá ṣíji bò lè jọ igbó gidi. Síbẹ̀ èmi kò fojú tẹ́ḿbẹ́lú iṣẹ́ náà. Òun ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí wọ́n tún igbó kà láàárín ọdún 1993 sí 1995, tí wọ́n sì rí i pé igbó tí ọwọ́ ènìyàn kò tíì bà jẹ́ ní Nàìjíríà kò tó ìdajì èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan etí rédà, ìyẹn áńtẹ́nà tí ń gba èsì. Bí ohun méjì bá sún mọ́ra, ohùn rédà gbọ́dọ̀ kúrú kí èsì wọn má baà dàpọ̀. Ohùn kúkúrú, bí àtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kún fún ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Áńtẹ́nà tí ó mọ ohùn kan ṣoṣo dà bí agogo: bí o bá pàtẹ́wọ́ sí i, ohùn tirẹ̀ ni yóò máa hó lẹ́yìn tí àtẹ́wọ́ ti parí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá áńtẹ́nà tí ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ bákan náà. Ọ̀kan nínú wọn, tí Peter Gibson gbé jáde ní ọdún 1979 tí ó sì fi orúkọ Vivaldi olórin pè, tín-ín-rín ní ìdí, ó sì ń fẹ̀ bọ̀ lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ti rí kàkàkí ti mọ bí ó ṣe rí. Ní ọdún 2002 Amẹ́ríkà gbà kí ènìyàn máa lo irú ìgbì gbígbòòrò yìí láti 3.1 dé 10.6 gígáhẹ́ẹ̀tìsì; rédà tí ó bá lo gbogbo rẹ̀ lè ya ohun tí ó fi sẹ̀ǹtímítà méjì jìnnà síra sọ́tọ̀.

Irú rédà bẹ́ẹ̀ tún wà tí ń wo inú ilẹ̀. Ẹnì kan lè rò pé yóò wúlò ní agbègbè Ìpẹrindó, níbi tí wúrà wà, ṣùgbọ́n amọ̀ tútù a máa gbé ìgbì mì kí ó tó rìn jìnnà. Igbó ni mo rò pé ó ṣì yẹ kí rédà bá wa wò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn ará Yúróòpù fi sátẹ́láìtì Biomass ránṣẹ́ sí òkè. Áńtẹ́nà rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 12, ìgbì rẹ̀ gùn tó 70 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ń gba àárín ewé kọjá dé ara igi. Wọn kò jẹ́ kí ó tan ìgbì náà sórí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà Àríwá, nítorí rédà ológun tí ń ṣọ́ òfurufú ibẹ̀. Orí tiwa kò sí nínú èèwọ̀ náà. Ọ̀nà ìgbì tí òfin fún un kò gbòòrò, nítorí náà hẹ́kítà mẹ́rin-mẹ́rin ni yóò máa ka igbó. Igbó Ọ̀ṣun yóò gba bí ojú mọ́kàndínlógún nínú àwòrán rẹ̀.