Pẹ́ńsù, Nẹ́gátíìfù àti Kọ̀ǹpútà: Àtúnṣe Àwòrán Ọkọ̀ àti Ogún Àwọn Ayàwòrán Yorùbá ní Niamey

Ó rọrùn láti pín ìtàn iṣẹ́ fọ́tò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí ọ̀nà méjì: kí a ní ìgbà kan wà tí nẹ́gátíìfù ń sọ òótọ́, àti pé ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé ni irọ́ wọlé. Irú ìpín bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, tí ó ń gbìyànjú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti sọ ọkọ̀ funfun inú fọ́tò di pupa, kò dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ ní ìlú náà ni ó dáwọ́ lé, ọmọ Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbé iṣẹ́ náà débẹ̀. Bí a kò bá mọ èyí, a ó máa ka àwòrán àtijọ́ bí ẹni tí ń ka ìwé ẹ̀rí ní kóòtù, a ó sì ṣi ìtàn àwọn baba wa kọ.

Ní Èkó, iṣẹ́ fọ́tò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí. George da Costa, tí ó ti ṣe alábòójútó ilé ìtàwé CMS, yà sí iṣẹ́ náà ní nǹkan bí 1895. Láti etí òkun ni ó ti gba ọ̀nà ìlú òkè lọ, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ó sì gbé e lọ. Ọ̀gá a gba ọmọṣẹ́ mélòó kan, ọmọṣẹ́ a lo iye ọdún rẹ̀ pé, wọ́n a ṣe ìgbòmìnira fún un, òun náà a sì wá ibi tí yóò dá dúró sí. Kò bójú mu kí ó gbé pátákó kọ́ síwájú ilé ọ̀gá rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń rìn láti ìlú dé ìlú nìyẹn, títí ó fi kọjá ààlà.

Ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń ná ọjà dé Gánà, Ivory Coast, Mali àti Niger, ayàwòrán tí ó bá sì dé ìlú àjèjì a bá ará ilé tí yóò gbà á sílé. Ní 1926 ni ìjọba Faransé dá olú-ìlú Niger padà láti Zinder sí Niamey létí Odò Ọya. Bí ọ́fíìsì ti ń pọ̀ níbẹ̀ ni ìwé ìdánimọ̀ ń pọ̀, ìwé ìdánimọ̀ sì ń bèèrè fọ́tò. Érika Nimis, onímọ̀ ìtàn tí ó tọ ipasẹ̀ àwọn ayàwòrán wọ̀nyí, tẹ ìwé kan jáde ní èdè Faransé ní 2005, *Photographes d'Afrique de l'Ouest: l'expérience yoruba*. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó yani lẹ́nu pé àwa tí ìtàn náà jẹ́ tiwa kò tíì sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní èdè tiwa.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni àwọn àjèjì oníṣẹ́ ọwọ́ ti wá sí Niamey. Àwọn kan wá láti Dahomey, tí a ń pè ní Benin láti 1975. Ní òpin 1963, nígbà tí aáwọ̀ dìde lórí erékùṣù Lété tí ó wà nínú Odò Ọya, ìjọba Hamani Diori pàṣẹ pé kí àwọn ará Dahomey kúrò ní Niger. (Ọdún 2005 ni Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé tó dá a pé Niger ni ó ni erékùṣù náà.) Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò ní ìlú lè gbé kámẹ́rà rẹ̀ kọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò ru àpótí nẹ́gátíìfù? Kí òpìtàn fi èyí sọ́kàn nígbà tí ó bá ń wá àwòrán àwọn ọdún wọ̀nyẹn tí kò rí i.

Ọ̀rọ̀ èdè wà níhìn-ín tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ yẹ̀ wò. Hausa yá ọ̀rọ̀ òyìnbó, wọ́n ń pe fọ́tò ní *hoto*. Àwa náà yá a, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi síwájú rẹ̀ jẹ́ tiwa: a ń *ya* fọ́tò, bí ẹni tí ó mú ẹfun ṣe ń ya nǹkan sára ògiri. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé a máa sọ pé wọ́n mú fọ́tò, bí ẹni pé ohun náà ti wà níbẹ̀ tí ó ń retí ẹni tí yóò mú un. Ẹni tí ó ya nǹkan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Babatunde Lawal, nínú àpilẹ̀kọ tí ó gbé jáde ní 2001, tú *àwòrán* fúnra rẹ̀ sí *à-wò-rántí*, ohun tí a ń wò kí a lè fi rántí. Kò sí èyí tí ó ṣèlérí nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì pé ohun tí a yà gbọ́dọ̀ bá ohun tí ojú rí mu délẹ̀délẹ̀.

Àwọn ọ̀gá àtijọ́ kò sì tijú àtúnṣe. Wọ́n a fi pẹ́ńsù tí ẹnu rẹ̀ mú ṣiṣẹ́ lórí nẹ́gátíìfù, wọ́n a pa ìwúnjọ iwájú orí rẹ́, wọ́n a mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ jọ̀lọ̀. Wọ́n a fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ha ibi tí ó bá mọ́lẹ̀ jù. Èyí tí ó jinlẹ̀ jù lọ ni ti ìbejì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí fọ́tò àwọn Yorùbá jáde ní 1978, ṣàlàyé rẹ̀: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n a ya èyí tí ó kù, wọ́n a sì tẹ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, ẹni kan yóò wọ aṣọ ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, yóò wọ aṣọ obìnrin lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mọ ohun tí wọ́n ṣe, ayàwòrán náà mọ̀. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ẹ̀tàn. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà níbi ojú ìsopọ̀: ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ọ̀nà kan náà wá, kí ẹ̀yìn àwòrán má sì já ní àárín.

Ọkọ̀ wọ inú àwòrán ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Bamako, Seydou Keïta, tí ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1948, ra Peugeot 203, ọkọ̀ yìí sì di ohun tí àwọn oníbàárà ń fara tì láti ya fọ́tò. Ní Gánà, Philip Kwame Apagya ti Shama lo aṣọ ẹ̀yìn tí wọ́n kùn, tí ọkọ̀ òfúrufú àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé olówó wà lára rẹ̀. Ní Niger, lẹ́yìn tí wíwa uranium bẹ̀rẹ̀ ní Arlit ní 1971, owó wọ ìlú díẹ̀. Ní Nàìjíríà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀ ní Kaduna ní 1975. Ẹni tí ó dúró ti ọkọ̀ nínú fọ́tò ìgbà náà lè jẹ́ olówó ọkọ̀, ó lè jẹ́ awakọ̀ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ń kọjá lọ. Àwòrán náà kò sọ èwo ni. Ohun tí ó sọ ni irú ènìyàn tí ó fẹ́ kí ará ilé rí nígbà tí fọ́tò bá dé Ṣakí tàbí Ìnìṣà. Ìfẹ́ ọkàn náà jẹ́ ìtàn, bí a bá mọ bí a ṣe ń kà á.

Láti àwọn ọdún 1980 ni ẹ̀rọ tí ń fọ fọ́tò aláwọ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá wọ̀nyí. Àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń fojú fo ìpele yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ya ọwọ́ ayàwòrán kúrò lára àwòrán. Ẹni tí ó gbé fíìmù aláwọ̀ lọ sí ilé ìfọ̀ kò ní iyàrá òkùnkùn mọ́, pẹ́ńsù rẹ̀ kò sì wúlò. Kọ̀ǹpútà ni ó dá ọwọ́ náà padà. Thomas Knoll bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tí ó di Photoshop ní 1987, òun àti John àbúrò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Adobe gbé e jáde ní 1990. GIMP, tí kò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, jáde ní 1996.

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ àkọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ń dánwò? Ara ọkọ̀ ń dán, etí rẹ̀ yọ kedere, kì í sì bínú bí a bá bà á jẹ́, bí ènìyàn ṣe máa bínú bí a bá sọ imú rẹ̀ di wíwọ́. Àkọ́bẹ̀rẹ̀ yóò fi ìlà yí ara ọkọ̀ ká, yóò sì fa ohun tí ń yí àwọ̀ padà. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ funfun, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, nítorí funfun kò ní àwọ̀ tí a lè yí. Ó ní láti da pupa sórí ìpele mìíràn lókè àwòrán, kí ó sì jẹ́ kí òjìji tí ó wà nísàlẹ̀ hàn gba inú rẹ̀ kọjá. Mo lo *ìpele* níhìn-ín nítorí pé kò ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ láti rí i bí aṣọ fẹ́lẹ́ tí a tẹ́ lé òmíràn: èyí tí ó wà lókè kò ba èyí tí ó wà nísàlẹ̀ jẹ́, a sì lè ká a kúrò nígbàkigbà.

Lẹ́yìn àwọ̀ ni táyà. Ó rí rìǹmù dáradára nínú fọ́tò mìíràn, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ọkọ̀ sì dà bí ohun ìṣeré. Rìǹmù tí ó gé jẹ́ òbìrìkìtì gbáko, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó yà kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, níbi tí òbìrìkìtì ti ń rí gbọọrọ bí ẹyin. Ó pa òjìji abẹ́ ọkọ̀ rẹ́ nígbà tí ó ń mú ẹ̀yìn kúrò, ọkọ̀ wá léfòó lókè ilẹ̀. Oòrùn Niamey ti ọwọ́ ọ̀tún wá, ti rìǹmù ti ọwọ́ òsì. Eruku pupa tí ó bo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kò sí lára táyà tuntun náà. Gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí pátá ni ọ̀gá tí ń so ìbejì pọ̀ mọ̀, tí ó sì ń kìlọ̀ fún ọmọṣẹ́ nípa wọn: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, ojú ìsopọ̀, ilẹ̀ tí a dúró lé. Àkọ́bẹ̀rẹ̀ òde òní ń fúnra rẹ̀ tún wọn ṣàwárí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀gá tí ìbá kọ́ ọ ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tí mo kà sí pàtàkì ju ti ẹ̀rọ lọ. Ọ̀gá tí ó fi pẹ́ńsù tún nẹ́gátíìfù ṣe fi àpá sílẹ̀ lára rẹ̀. Bí a bá gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, a ó rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Àkọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò ya ẹ̀dà kan sọ́tọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì fi àtúnṣe pamọ́ lé ojúlówó lórí, ti pa ọkọ̀ funfun náà run títí láé, kò sì sí àpá.

Philippe Koudjina, ọmọ Benin, wà lára àwọn tí ó ya àwọn ọ̀dọ́ Niamey níbi àríyá alẹ́ ní àwọn ọdún 1960. Fíìmù *Photo Souvenir*, tí Paul Cohen àti Martijn van Haalen ṣe ní 2006, fi í hàn ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ nínú òṣì, ojú rẹ̀ ti fọ́, nígbà tí Malick Sidibé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bamako, ti di ẹni tí ayé ń bọ̀wọ̀ fún. Irú nẹ́gátíìfù ìgbà tiwọn yìí ni àwọn ènìyàn wá ń fi ẹ̀rọ gbà sínú kọ̀ǹpútà ní ìlú púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ni a sì sábà máa ń gbé e fún. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ ojú rẹ̀ mọ́: wọ́n á pa eruku rẹ́, wọ́n á pa ibi tí ó ha rẹ́, wọ́n á sì pa àwọn ìlà wẹ́wẹ́ kan rẹ́ ní ẹ̀bá ojú àti lára ọkọ̀, tí wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni. Pẹ́ńsù ni.