Eyín Dídùn: Irú Rẹ̀ àti Ìgbà Tó Yẹ Ká Wá Dókítà

Eyín dídùn jẹ́ ìrora tó ń ti inú eyín, ẹran ìdí rẹ̀ tàbí egungun tó gbé e ró wá. Bó ṣe le tó nìkan kọ́ ni dókítà eyín ń béèrè. Ohun tó ń ta á jí, bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó rọlẹ̀, àti bóyá ó ń jí ènìyàn lóru, àwọn wọ̀nyí ló ń fi ibi tí àrùn dé hàn.

Èèpo funfun tó bo eyín ni ohun tó le jù lọ nínú ara ènìyàn, kò sì mọ ìrora rárá. Abẹ́ rẹ̀ ni ìpele kejì wà, tó kún fún ojú ihò tíntìntín tí òtútù àti ooru ń gbà wọlé. Ẹran tó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ló wà ní àárín. Inú yàrá líle tí kò lè fẹ̀ ni ẹran yìí ń gbé: bó bá wú, kò ríbi wú sí, iṣan ìmọ̀lára ni yóò fún mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí eyín kan ṣoṣo fi ń mú àgbàlagbà sunkún.

Ìgbàgbọ́ pé kòkòrò kan ló ń gbẹ́ eyín nínú kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀. Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, ta kò ó nínú ìwé tó gbé jáde ní 1728. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń sọ ṣúgà ẹnu wa di omi kíkan, omi kíkan náà ló sì ń jẹ èèpo eyín.

Èyí tó rọrùn jù ni kí eyín máa kan. Omi yìnyín tàbí ọsàn kàn án, ó ta, ó sì lọ kété tí nǹkan náà kúrò lẹ́nu. Ihò kékeré lè fà á, tàbí kí búrọ́ọ̀ṣì líle tàbí orin tí a fi agbára rún ti lé ẹran ìdí eyín sẹ́yìn. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlọ́ráìdì lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bó bá ń bá a lọ, kí dókítà wò ó.

Bí ìrora bá ṣì wà ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí omi tútù ti lọ, ọ̀rọ̀ ti yí padà: ẹran inú eyín ti ń kú lọ. Tíì gbígbóná ń mú un le, ó ń lù tẹ̀lé ìlù ọkàn, ó sì ń pọ̀ sí i téèyàn bá dùbúlẹ̀. Aláìsàn lè má mọ eyín tó jẹ́, torí etí àti ẹ̀bátí ń bá a dùn ún. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ lè dákẹ́ lójijì, a ó sì máa dúpẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ ká bẹ̀rù. Iṣan ìmọ̀lára ló kú, àrùn ò kú; ó ń gba ẹnu gbòǹgbò lọ sínú egungun láti di eéwo. Eyín bẹ́ẹ̀ a máa ṣe bí ẹni pé ó ga ju àwọn yòókù lọ, kò sì ní ṣeé fi jẹun.

Eyín tó sán yàtọ̀. Ẹni tó ń fi eyín fọ́ eegun tàbí ṣí ìgò ló sábà máa ń ní in, ìrora náà sì ń ta gan-an nígbà tí a bá gbé eyín kúrò lórí ohun tí a gé. Eyín ìkẹyìn, tó ń hù láàárín ọdún 17 sí 25, lè mú kí ẹnu má là dáadáa. Bí àwọn eyín òkè bíi mélòó kan bá sì ń dùn pọ̀ nígbà tí imú dí, imú ni kí a tọ́jú. Ìrora párì tó bá òógùn àti àyà fífún wá, ọkàn ló ń pè: ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ kíá.

Kànáfùrù àti orin ata ń mú ẹnu kú tipiri fún ìgbà díẹ̀. Kò sí èyí tó ń dí ihò. Asipirín-ìn tí a lẹ̀ mọ́ ẹran eyín ń bó o, omi bátìrì sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Parasitamọ́ọ̀lù àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ ju 4,000 mg lọ lóòjọ́. Kápúsù Ampiclox, oògùn apakòkòrò, tí a rà lójú pópó kò lè wo eyín tó ti jẹrà nínú.

Ojú tó wú pẹ̀lú ibà, ẹnu tí kò là, itọ́ tí kò ṣeé gbé mì, tàbí abẹ́ àgbọ̀n tó le tó sì ń ti ahọ́n sókè, kò sí èyí tó lè di ọ̀la nínú wọn. Wilhelm Friedrich von Ludwig, oníṣègùn ará Jámánì, ṣàpèjúwe ti abẹ́ àgbọ̀n yìí ní 1836. Ó lè dí ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀ka eyín, bíi UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó, ló yẹ irú rẹ̀.

Dókítà lè dí ihò, ó lè fọ inú gbòǹgbò, ó sì lè yọ eyín. Bí ìrora bá tún le koko ní bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin lẹ́yìn yíyọ, ẹ̀jẹ̀ dídì tó yẹ kó bo ojú ihò ló ti ṣí kúrò, pàápàá lẹ́nu ẹni tó ń mu sìgá. Kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó yọ ọ́.